Ṣọ́ọ̀bù Bàbá Àgbà Dà? Ẹ Lọ Wá Ọmọ Iṣẹ́ Wọn

Ẹ kú ojú lọ́nà o, ẹ̀yin òǹkàwé wa. Lẹ́tà mẹ́ta ló wọlé lóṣù yìí lórí ọ̀rọ̀ kan náà, ibi tí bàbá àgbà ti ń ṣiṣẹ́ ọwọ́ wọn. Mo kó wọn pọ̀ torí ọ̀rọ̀ ọ̀hún ká mi lára gan-an, èmi náà ti wá ti bàbá ìyá mi kiri Ìlọrin rí, mo mọ bó ṣe ń rí kéèyàn dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà lóòrùn, kó máa wo ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta káàdì fóònù, kó máa bi ara ẹ̀ pé àbí ibí yìí náà ni.

ÌBÉÈRÈ: Aǹtí wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Télọ̀ ni bàbá tó bí bàbá mi, Ìlọrin ni wọ́n ti ránṣọ títí wọ́n fi kú ní 1981, wọn ò tíì bí mi nígbà yẹn. Nkan mẹ́ta péré ló kù tó jẹ́ tiwọn: maṣíìnì Singer tí wọ́n máa ń fẹsẹ̀ tẹ̀, fọ́tò kan tí wọ́n dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù, àti rìsíìtì kan tó ní àmì £ lára. Bàbá mi ní Ọjà Ọba ni ṣọ́ọ̀bù wà, ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin ní rárá, ìsàlẹ̀ Táíwò ni, ọ̀rọ̀ náà ti fẹ́ dìjà láàárín wọn. Mo ti wo Google Map títí, mi ò rí nkan kan. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? — Ọmọ Télọ̀, Agége

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ parí ìjà yẹn ná. Ó ṣeé ṣe dáadáa kí àwọn méjèèjì tọ̀nà. Télọ̀ kì í jókòó sójú kan láti ọjọ́ tó ti gba fíríìdọ̀mù títí dọjọ́ ikú. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé bàbá ẹ̀ ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀, tó bá yá á lọ bá ọ̀rẹ́ ẹ̀ pín ṣọ́ọ̀bù, tọ́wọ́ bá ròkè díẹ̀ á gba tiẹ̀, tí lánlọ́ọ̀dù bá ní òun fẹ́ wó o kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì á tún palẹ̀ mọ́. Ẹ bi àwọn bàbá méjèèjì léèrè ọdún tí wọ́n bí wọn. Ibi tí ẹ̀gbọ́n gbé oúnjẹ ọ̀sán lọ fún bàbá ẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ lòun rántí, àbúrò náà ń rántí ibi tí tiẹ̀ gbé e lọ, tí ọdún mẹ́wàá bá sì wà láàárín wọn, ṣọ́ọ̀bù á ti ṣí kúrò lójú kan bọ́ sí òmíràn. Torí náà ẹ má bi wọ́n pé níbo ni ṣọ́ọ̀bù wà, ẹ bi wọ́n pé nígbà tẹ́ ẹ wà ní kíláàsì báyìí, ọ̀nà wo lẹ máa ń gbà lọ bá bàbá, kí lẹ máa ń rí lọ́nà, ta ló ń ta nkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí wọ́n má jọ jókòó síbì kan náà nígbà tẹ́ ẹ bá ń bi wọ́n.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ di mú jù nínú gbogbo ohun tí mo máa sọ nìyí: ọmọ bíbí kọ́ ló mọ ṣọ́ọ̀bù jù, ọmọ iṣẹ́ ni. Ọmọ bíbí wà níléèwé, ó wà ní ilé kéwú, ó kàn ń yà wò wọ́n ni. Ọmọ iṣẹ́ ló ń dé kílẹ̀ tó mọ́, òun ló ń ṣí ilẹ̀kùn, tó ń gbálẹ̀, tó ń pọn omi, tó ń kó èédú sínú áyọ́ọ̀nù, ọdún mẹ́ta, ọdún márùn-ún, ẹlòmíràn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó gbálẹ̀ ibì kan fún ọdún márùn-ún, kò sí bó ṣe lè gbàgbé ojú ilẹ̀ yẹn.

Mo sọ bẹ́ẹ̀ torí pé ó ṣẹlẹ̀ sí mi. Káfíńtà ni bàbá ìyá mi. Ọmọ mẹ́fà ni wọ́n fi sáyé lọ, mo bi gbogbo wọn, ìdáhùn mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo gbà. Ìyá mi ló wá rántí pé ọkùnrin kan máa ń gbé ẹran Iléyá wá fún ìyá àgbà lọ́dọọdún títí ìyá fi kú, pé ọmọ iṣẹ́ bàbá ni. A wá bàbá ọ̀hún dé ìlú kékeré kan lọ́nà Òkè-Òyì, wọ́n ti dàgbà, ojú wọn kan ò ríran mọ́, wọ́n ní kí n gbé àwọn sínú ọkọ̀. Nígbà tá a dé àdúgbò yẹn, wọn ò wo ṣọ́ọ̀bù kankan, ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí ni wọ́n lọ dúró sí, wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣísẹ̀, mẹ́tàdínlógún, wọ́n sì dúró. Wọ́n ní àwọn ló máa ń gbé búta omi àlùwàlá tẹ̀ lé ọ̀gá lọ kírun Àyìlá lójoojúmọ́, pé ẹsẹ̀ àwọn mọ ọ̀nà yẹn. Ṣọ́ọ̀bù tó ń ta káàdì àti ṣájà ló wà níbẹ̀ báyìí, wọ́n ti kun ún ní búlúù, wọ́n ti fi ilẹ̀kùn irin sí i. Bàbá bẹ̀rẹ̀, wọ́n fọwọ́ ra etí àtẹ̀gùn sìmẹ́ńtì, wọ́n fa ọwọ́ mi síbẹ̀. Ó jìn wọnú níbì kan, ó tó ìbú ìka mẹ́ta, ó ń dán bí inú àwo. Ibẹ̀ ni bàbá ìyá mi ti máa ń pọ́n ojú ìfági ẹ̀ láràárọ̀. Mi ò lè sọ bó ṣe rí lára mi. Ọmọ tó ń ta káàdì dìde fún wa, ó gbé àga fún bàbá.

Torí náà ẹ wá ọmọ iṣẹ́. Báwo lẹ ṣe máa rí wọn? Ẹ bi ìyá àgbà tí wọ́n bá ṣì wà láyé, tàbí ìyàwó ilé èyíkéyìí tó wà nínú agbo ilé nígbà yẹn, torí àwọn obìnrin ló ń se oúnjẹ fún ọmọ iṣẹ́, wọ́n mọ èyí tó ń jẹun jù, wọ́n mọ ìyá ẹ̀. Ẹ bi wọ́n pé àwọn wo ló kó ara wọn wá síbi fidáù ní 1981, ta ló ra àǹkó lọ́tọ̀, ta ló ṣì ń wá lọ́dún Iléyá. Ẹ tú àpótí fọ́tò, fọ́tò fíríìdọ̀mù máa ń wà níbẹ̀, ọ̀gá á jókòó, ọmọ iṣẹ́ á kúnlẹ̀, sísọ́ọ̀sì àti tépù á wà lọ́rùn. Àwọn ẹgbẹ́ télọ̀ náà sábà máa ń ní ìwé tí wọ́n kọ orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ sí, akọ̀wé ẹgbẹ́ tó ti dàgbà ni kẹ́ ẹ wá, kì í ṣe èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yàn.

Nkan kan tó máa ń da àwọn ará Èkó láàmú tí wọ́n bá dé Ìlọrin: ẹ má lọ máa béèrè Abdulkareem tàbí Abdulkadir. Orúkọ yẹn pọ̀ ju iyanrìn lọ. Oríkì wọn ńkọ́, Àlàbí ni àbí Àjàní? Kí ni àlàjẹ́ wọn? Àlàjẹ́ ni oníbàárà fi ń pè wọ́n, òun náà làwọn àgbà máa rántí. Ẹ sì mọ orúkọ agbo ilé kẹ́ ẹ tó wọ ọkọ̀, torí ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọ́n máa bi yín náà nìyẹn, ọmọ ilé ibo ni yín.

Ó wá ku nkan mẹ́ta ọwọ́ yín. Rìsíìtì yẹn dùn mọ́ mi jù. Ní 1 January 1973 la bẹ̀rẹ̀ sí í ná náírà àti kọ́bọ̀, torí náà rìsíìtì oní-£ ti wà ṣáájú ìgbà yẹn. Ẹ wá wo òkè ìwé náà dáadáa bóyá wọ́n tẹ àdírẹ́sì tàbí orúkọ ìpínlẹ̀ síbẹ̀. Tó bá jẹ́ Northern Nigeria ló wà níbẹ̀, á jẹ́ pé ó ti pẹ́ nìyẹn, torí 27 May 1967 ni wọ́n pín orílẹ̀-èdè yìí sí ìpínlẹ̀ méjìlá. West Central State ni wọ́n kọ́kọ́ pe tiwa, 1968 ni wọ́n tó sọ ọ́ di Kwara. Ṣé ẹ rí i, tí Kwara bá wà lókè tí £ wà nísàlẹ̀, àárín 1968 sí ìparí 1972 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́, kò lè jù bẹ́ẹ̀ lọ àyàfi tó bá jẹ́ pé wọ́n ṣì ń lo ìwé àlòkù. Ìgbà yẹn lẹ wá lè mọ̀ pé nínú àwọn bàbá yín méjèèjì, ta ni ìgbà tiẹ̀ bá rìsíìtì mu.

Fọ́tò náà, ẹ yí i padà kẹ́ ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀. Àwọn onífọ́tò àtijọ́ máa ń lu sítáǹbù síbẹ̀, orúkọ sítúdíò àti àdúgbò, télọ̀ kì í sì í rìn jìnnà lọ ya fọ́tò ṣọ́ọ̀bù, ẹni tó bá wà nítòsí ló máa pè. Ẹ fi fóònù yà á kẹ́ ẹ sọ ọ́ di ńlá, ẹ wo ohun tó wà lẹ́yìn wọn, sáìnbọ́ọ̀dù ará ẹ̀gbẹ́, òrùlé, ṣóńṣó mọ́ṣáláṣí. Tí mọ́tò bá ń kọjá nínú ẹ̀ tó ń gba ọwọ́ òsì títì, á jẹ́ pé ṣáájú 2 April 1972 ni, ọjọ́ yẹn la bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọwọ́ ọ̀tún.

Maṣíìnì, nọ́ńbà kan wà lára bẹ́ẹ̀dì ẹ̀ lápá ọ̀tún, ẹ fi kẹrosíìnì nù ún kó lè hàn. Láti 1900 ni Singer ti ń fi lẹ́tà ṣáájú nọ́ńbà, wọ́n sì ní ìwé tó ń sọ ọdún tí wọ́n ya nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀, ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Tó bá jẹ́ lẹ́tà méjì tí E ṣáájú, bí EA, EB, ilé iṣẹ́ wọn tó wà ní Clydebank ní Scotland ló ṣe é, láti bí àárín 1930 sí 1939 síwájú. Ṣùgbọ́n ọdún tí wọ́n ṣe maṣíìnì kọ́ ni ọdún tí bàbá rà á, ó lè jẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá wọn ni wọ́n ti rà á ní àlòkù.

Tẹ́ ẹ bá tún fẹ́ wo ìwé ìjọba, ẹ má ṣe àṣìṣe tí mo ṣe. Ìbàdàn ni mo kọ́kọ́ lọ, mo rò pé Yorùbá ni wá, ibẹ̀ ni nkan wa máa wà. Owó ọkọ̀ mi ṣòfò. Abẹ́ Àríwá ni Ìlọrin wà nígbà ìjọba òyìnbó, National Archives ti Kàdúná ni ọ̀pọ̀ fáìlì àtijọ́ Ìlọrin wà. Tí wọ́n bá gbé ogún bàbá lọ síwájú alkali, ìyẹn adájọ́ kóòtù Mùsùlùmí, nígbà tí wọ́n kú, ìyẹn gan-an lè wúlò ju ti Kàdúná lọ, torí ibi ogún pínpín ni wọ́n ti ń ka ohun ìní lọ́kọ̀ọ̀kan, maṣíìnì, tábìlì ìgéṣọ, ṣọ́ọ̀bù tó bá jẹ́ tiwọn.

ÌBÉÈRÈ: Ìyá àgbà wa máa ń sọ pé òkúta làǹtànà ni bàbá àwọn fi ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀, pé ìlú jìnnàjìnnà ni wọ́n ti ń wá rà á. Ìlọrin ni gbogbo wa ń gbé, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó lè tọ́ka sí ibi tí wọ́n ti ṣe é. Ṣé títì kan wà tí wọ́n jọ wà nígbà náà ni? — Àlàbí, Adéwọlé, Ìlọrin

ÌDÁHÙN: Bọ̀ọ̀dá Àlàbí, ẹ máa wá títì títí ni, ẹ ò ní rí i, torí kò sí ṣọ́ọ̀bù. Inú agbo ilé ni. Oníṣẹ́ làǹtànà kì í lọ síbi iṣẹ́, ibi tó jí sí náà ló ti ń ṣe é, bàbá, ọmọ, ọmọ ẹ̀gbọ́n, gbogbo wọn lábẹ́ igi tàbí lọ́dẹ̀dẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà làwọn ìyá tó ń mọ ìkòkò ní Dáda lápá Òkèlele, ojúlé wọn ni ibi iṣẹ́ wọn. Orúkọ ìlú wa gan-an, àdírẹ́sì ibi iṣẹ́ ni o! Àwọn àgbà ní Òjó Ìsẹ̀kúsẹ̀ ló ń lọ irin ẹ̀ lórí òkúta, òkúta yẹn ṣì wà ní agbo ilé Àṣájú ní Ìdí-Àpẹ́ dòní, ìlọ-irin ló di Ìlọrin. Inú ilé lòun náà wà, kò sí lójú títì.

Ọ̀yọ́-Ilé ni ìtàn sọ pé iṣẹ́ làǹtànà ti wá, nígbà tí ìlú yẹn tú, àwọn oníṣẹ́ gbé e wá síbí. Òkúta pupa náà kì í ṣe ti ilẹ̀ wa, àwọn oníṣòwò ló ń kó o wá láti apá òkè lọ́hùn-ún. Wọ́n á fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, wọ́n á fi òòlù kékeré gbẹ́ ẹ díẹ̀díẹ̀, wọ́n á wá fi irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó lu ihò sí i, tí wọ́n bá lu apá kan dé àárín wọ́n á yí i padà lu apá kejì kó lè pàdé, ibẹ̀ ló ti máa ń fọ́ mọ́ èèyàn lọ́wọ́, kí wọ́n tó wá fi omi lọ̀ ọ́ lórí òkúta títí á fi máa dán. Nígbà tí ìlẹ̀kẹ̀ òyìnbó tó wọ́pọ̀ kún ọjà, ta ló tún fẹ́ jókòó ti òkúta kan fún ọjọ́ mélòó? Ní 1937 àti 1938 àwọn òyìnbó kọ nípa iṣẹ́ náà, ìwọ̀nba àwọn tó ṣì ń ṣe é ni wọ́n bá. Onímọ̀ ìtàn kan tún kọ nípa ẹ̀ ní 1986. Ẹ bi àwọn tó wà ní láíbìrì Yunifásítì Ìlọrin, wọ́n á bá yín wá a.

Torí náà ilé ni kẹ́ ẹ wá. Ẹ lọ bá Mọ́gàjí ilé ìyá àgbà yín, kì í ṣe ilé bàbá yín o, torí bàbá ìyá àgbà lẹ̀ ń wá, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ṣìnà níbẹ̀ yẹn. Ẹ ní kí wọ́n pe ìyá tó bá mọ oríkì ilé náà kó kì í fún yín, kẹ́ ẹ sì gbà á sórí fóònù. Àwa Ìlọrin ti fi orúkọ kéwú bo orúkọ iṣẹ́ mọ́lẹ̀ tipẹ́. Níbòmíràn tẹ́ ẹ bá gbọ́ Àyàn ẹ ti mọ̀ pé onílù ni, tẹ́ ẹ bá gbọ́ Ògún ẹ lè fura sí àgbẹ̀dẹ tàbí ọdẹ, ṣùgbọ́n Yusuf ò lè sọ nkan kan fún yín. Oríkì ló ṣì ń sọ ọ́.

Tẹ́ ẹ bá dé inú agbo ilé náà, ẹ wolẹ̀. Mo ti rí òkúta ìlọ̀lẹ̀kẹ̀ kan rí, ẹnu ilẹ̀kùn ni wọ́n gbé e sí, òun làwọn ọmọ ń nu ẹsẹ̀ sí kí wọ́n tó wọlé. Ojú ẹ̀ ní ipa tóóró tóóró gígùn bíi mẹ́jọ, ìka ọwọ́ mi wọnú ọ̀kọ̀ọ̀kan gẹ́ẹ́, omi òjò àná ṣì wà nínú àwọn ipa yẹn. Wọ́n ní òkúta ata ni. Òkúta ata kì í rí bẹ́ẹ̀, inú òkúta ata máa ń tẹ́ fẹ̀ẹ̀, kì í fà ní ìlà. Ẹ tún wo ẹ̀gbẹ́ ògiri àtijọ́ lẹ́yìn òjò, èéfọ́ òkúta pupa wẹ́wẹ́ máa ń yọjú níbi tí omi òrùlé bá ti gbẹ́ ilẹ̀. Ẹ má kó o lọ sílé, ẹ yà á ní fọ́tò níbi tẹ́ ẹ ti rí i, kẹ́ ẹ fi nkan kékeré tí gbogbo èèyàn mọ ìwọ̀n ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.

Tí àáfà bá wà nínú ilé yẹn tó jogún ìwé àfọwọ́kọ lárúbáwá, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó bá yín wò ó. Àwọn kan máa ń kọ ọ̀rọ̀ ilé àti gbèsè sí etí ìwé. Yunifásítì Kwara tó wà ní Màlété ní ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú irú ìwé bẹ́ẹ̀, ẹ lè bá wọn sọ̀rọ̀.

ÌBÉÈRÈ: Alágbẹ̀dẹ ni àwọn bàbá ńlá wa, abúlé wa ò jìnnà sí Òmù-Àrán. Òkìtì dúdú kan wà lẹ́yìn abúlé, wọ́n ní ibẹ̀ ni àgbẹ̀dẹ wà, àwọn kan sì fẹ́ wọ́ ọ dànù láti fi kọ́lé. Báwo la ṣe máa mọ̀ bóyá òótọ́ ni? — Ọmọ Ìgbómìnà

ÌDÁHÙN: Ẹ he ọ̀kan nínú ohun dúdú yẹn, ẹ gbé e lọ́wọ́. Tó bá wúwo ju òkúta tó tó o lọ, tó ní ihò kéékèèké lára bí búrẹ́dì, tí ojú ẹ̀ ń dán níbì kan bíi gíláàsì, ìdàrọ́ nìyẹn, pàǹtí tó máa ń kù tí wọ́n bá fi iná ṣiṣẹ́ irin. Ẹ wá àfọ́ amọ̀ tó dà bí ọ̀pá oníhò tí iná ti jó ẹnu ẹ̀ di dúdú, ẹnu ẹwìrì ni. Tí ìdàrọ́ bá kàn jẹ́ díẹ̀, àgbẹ̀dẹ tí wọ́n ti ń rọ ọkọ́ àti àdá ni, ṣùgbọ́n òkìtì ńlá bí èyí tẹ́ ẹ sọ yìí, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti yọ́ irin gan-an níbẹ̀ láti ara òkúta, ìyẹn sì lágbára ju kí wọ́n rọ ọkọ́ lọ.

Ẹ yára lọ bá baálẹ̀ kí wọ́n tó kó katakata wá. Ẹ sọ fún un kó dá iṣẹ́ náà dúró ná, kẹ́ ẹ sì lọ sọ fún àwọn tó wà ní mùsíọ́mù Èsìẹ́, kò jìnnà sí yín, láti 1945 ló ti wà níbẹ̀, òun ni mùsíọ́mù àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ẹ mú fọ́tò dání, ẹ má kó òkìtì náà dání. Kẹ́ ẹ sì bi bàbá tó bá dàgbà jù lábúlé pé ta ló fẹ ẹwìrì gbẹ̀yìn níbẹ̀, ọmọ ta ni, kẹ́ ẹ kọ orúkọ ẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an.